Yàrá Bí Àtẹ: Ọ̀rọ̀ Nípa Àwọn Tí A Ń Pè Ní Ọ̀bùn

Èmi nọ́ọ̀sì yín ní Ìlúpéjú ni mo tún dé. Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti ibà, kì í sì í ṣe ti ìtọ̀ ṣúgà. Ọ̀rọ̀ yàrá ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí, nítorí ilé tó kàn pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ.

*Ohun tí mo bá nílé*

Láìpẹ́ yìí ni mo lọ bẹ ìyá kan wò nílé. Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà nínú ìtàn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí n sọ ọ́. Ó ti lé lọ́mọ ọdún márùndínlógójì, aṣọ ọmọdé ló ń tà lọ́jà. Láti ìgbà tó ti bí àbíkẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru. Dókítà kọ oògùn fún un, ó sì rà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, 170 lórí 110 ni mo bá. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀ ń lo oògùn yín?" Ó sorí kọ́. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, mo rà á. Ibi tí mo fi í sí ni mi ò mọ̀."

Ìyá ọkọ rẹ̀ tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà gba ọ̀rọ̀ náà sọ: "Nọ́ọ̀sì, ẹ má dá a lóhùn. Ọ̀bùn ni. Ẹ wọ yàrá yẹn kí ẹ fojú ara yín rí i."

Mo wọlé. Wọ́dúróòbù ńlá onílẹ̀kùn mẹ́ta wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ ò lè tì mọ́. Ghana-must-go mẹ́rin wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ tó mọ́ àti èyí tó dọ̀tí ti dàpọ̀ lórí àga. A jọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá oògùn. Kí a tó tú báàgì kẹta tán, a ti rí páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mẹ́ta. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló tíì já. Ó ra ti àkọ́kọ́, kò rí i mọ́. Ó ra ìkejì, kò rí i mọ́. Ó ra ìkẹta. A rí káàdì àjẹsára ọmọ tí wọ́n ti kọ òmíràn rọ́pò rẹ̀. A rí kọ́kọ́rọ́ ilé méjì. Obìnrin náà bú sẹ́kún. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, mo máa ń tò ó. Gbogbo Sátidé ni mo ń tò ó. Kì í pé ọjọ́ mẹ́ta tó fi ń padà sí bó ṣe wà."

Gbólóhùn yẹn ni kò jẹ́ kí n tètè sùn lóru ọjọ́ náà. Ọ̀bùn kì í tún yàrá tò ní gbogbo Sátidé. Ọ̀bùn kì í sunkún nítorí pé yàrá rẹ̀ rí wúruwùru.

*Èrò tèmi rèé*

Àwọn kan wà láàárín wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí a ń pè ní ọ̀bùn, onígbàgbé, ọ̀lẹ, tàbí tí a ń sọ pé ẹ̀mí kan ló ń dà wọ́n láàmú, tó jẹ́ pé bí ọpọlọ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ ló yàtọ̀. Ẹ̀kọ́ ilé tí a fi ń na irú wọn bí ẹgba, ìyẹn "ká gbogbo rẹ̀, kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí, ti ilẹ̀kùn rẹ̀", ni kò bá wọn mu. Ohun tí mo fẹ́ kí a ṣe ni pé kí a jáwọ́ nínú bíbá obìnrin náà jà, kí a yí yàrá náà padà.

*Kí ni ọ̀rọ̀ náà gan-an?*

Àwọn dókítà ń pè é ní Attention Deficit Hyperactivity Disorder, tí gbogbo ènìyàn ń gé kúrú sí ADHD. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní àìlèpọkànpọ̀. Àwọn ọmọdé ni ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ pé ó ń ṣe: ọmọ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, tó ń gun àga, tó ń já lu ọ̀rọ̀ olùkọ́. Ṣùgbọ́n oríṣi kan wà tí kì í pariwo. Ọmọ náà jókòó, ó dákẹ́, ojú rẹ̀ wà lára pátákó, ọkàn rẹ̀ ti lọ sí Badagry. Irú rẹ̀ ló sábà máa ń ṣe ọmọbìnrin tó bá ní in, nítorí pé kò sì da ẹnikẹ́ni láàmú, kò sẹ́ni tó ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Yóò dàgbà, yóò lọ́kọ, yóò bímọ, ilé á wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìgbà náà ni gbogbo ayé á wá rí i, wọn á sì ní ọ̀bùn ni.

Kì í ṣe àwa nìkan la ti ṣi irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ní ọdún 1902, dókítà àwọn ọmọdé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, George Still, sọ fún àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ nípa àwọn ọmọ kan tí orí wọn pé, tí wọn kò sì lè gbájú mọ́ nǹkan. Orúkọ tó fún un nígbà náà fi hàn pé àléébù ìwà ló kà á sí. Ó di ọdún 1980 kí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tó kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé ọ̀rọ̀ àìlèpọkànpọ̀ ni, àti pé ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ náà lè ní in. Ọdún 1987 ni wọ́n wá sọ orúkọ rẹ̀ di ADHD. Ẹ wò ó, ó lé ní àádọ́rin ọdún kí òyìnbó tó kúrò nídìí "ìwà ni". Àwa náà lè kúrò níbẹ̀.

Nílé wa ńbí, ìwádìí tí àwọn dókítà Adewuya àti Famuyiwa gbé jáde ní ọdún 2007 lórí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà rí i lára ọmọ 8.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi ojú inú wo kíláàsì tí ọgbọ̀n ọmọ wà nínú rẹ̀: bí méjì tàbí mẹ́ta. Gbogbo wọn kọ́ ló ń dàgbà kúrò nínú rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn ìbejì sì fi hàn pé ajogúnbá ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àìkọ́lẹ́kọ̀ọ́.

Báwo ló ṣe ń ṣe ọpọlọ? Nígbà tí a bá ń ṣe nǹkan kan, ọpọlọ máa ń di nǹkan mìíràn mú fún wa fún ìṣẹ́jú díẹ̀. O fẹ́ lọ mú síbí, fóònù dún, o gbé fóònù, o sì tún rántí síbí. Lọ́dọ̀ ẹni tí mò ń wí yìí, ọwọ́ tó di síbí mú yẹn tètè ń jábọ̀. Ó ń kó aṣọ lọ sínú wọ́dúróòbù, ó rí bọ́tìnnì tó já, ó lọ wá abẹ́rẹ́, ó rí fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ nínú àpótí abẹ́rẹ́, ó jókòó. Nígbà tó máa fi gbójú sókè, ilẹ̀ ti ṣú, aṣọ ṣì wà nílẹ̀. Ohun tí kò bá sì sí lójú rẹ̀, bí ẹni pé kò sí láyé mọ́ ni.

*Ẹ má ṣe sáré fún ara yín lórúkọ*

Gbogbo yàrá tó rí jáàgbájàgbà kọ́ ni àìlèpọkànpọ̀. Bí yàrá kan ṣoṣo bá gba ènìyàn mẹ́fà, kò sí bó ṣe máa rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí kò rí oorun sùn, ẹni tí ìbànújẹ́ dé bá, ẹni tí ara rẹ̀ ń yí padà nítorí pé nǹkan oṣù rẹ̀ ń dáwọ́ dúró, gbogbo wọn lè máa gbàgbé. Ti àìlèpọkànpọ̀ ti ń bá ènìyàn bọ̀ láti kékeré. Àwọn dókítà máa ń béèrè bóyá àmì rẹ̀ ti hàn kí ẹni náà tó pé ọmọ ọdún méjìlá, àti bóyá ó ń hàn níbi tó ju ẹyọ kan lọ, bí ilé àti ibi iṣẹ́. Ẹ̀yin àgbà wa, bó bá jẹ́ pé ẹni tí kì í gbàgbé nǹkan tẹ́lẹ̀ ló wá di onígbàgbé lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn.

*Ọjà rẹ̀ mọ́, yàrá rẹ̀ dàrú: kí ló fà á?*

Nǹkan kan ló là mí lójú. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gba ọ̀dọ̀ obìnrin yìí kọjá lọ́jà. Àtẹ rẹ̀ dùn-ún wò! Aṣọ ọmọ oṣù mẹ́ta wà lápá kan, ti ọlọ́dún kan wà lápá kejì, ìbọ̀sẹ̀ so rọ̀ lórí okùn, fìlà wà lórí ìṣó. Oníbàárà béèrè aṣọ aláwọ̀ ewé fún ọmọ ọdún méjì, kí ó tó pa ẹnu dé, ó ti nà án sí i. Ẹni tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń pè ní ọ̀bùn rèé o.

Mo bi í pé báwo ló ṣe jẹ́. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, gbogbo rẹ̀ wà lójú mi níbí." Mo ní ṣé nǹkan kì í sọnù fún un lọ́jà ni? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìwé gbèsè nìkan ni, nítorí pé inú àpò ló ń fi í sí.

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Èyí tó wà lórí àtẹ kì í sọnù. Èyí tó wọ àpò ló ń sọnù. Ojú lọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Àtẹ ni ọpọlọ rẹ̀ lè bá ṣiṣẹ́, àpótí ni kò lè bá ṣiṣẹ́. Ẹ lọ wo àwọn tó ń ta páàtì mọ́tò ní Ládípọ̀ ní Mushin: ìkọ́ ni wọ́n fi ń gbé púpọ̀ nínú ọjà wọn kọ́. Kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n ní ọ̀bùn. Wọ́n mọ̀ pé ọjà tí ojú kò rí, ọwọ́ kò lè tà á.

Ghana-must-go pàápàá, ẹ rántí bó ṣe gba orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1983, nígbà tí ìjọba Shagari ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde, inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ará Ghana di ẹrù wọn sí. Báàgì ẹni tó ń lọ ni, kì í ṣe báàgì ẹni tó ń gbélé. Ẹrù tó bá wọ inú rẹ̀, tó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ti rìnrìn àjò.

*Bí a ṣe lè sọ yàrá di àtẹ*

Ohun tí a ṣe ní yàrá obìnrin náà nìyí. Kò ná a ní owó púpọ̀.

*1. Jẹ́ kí ojú rí i.* A tú ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù náà kúrò. Ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ pariwo, ó wá lọ wá súkúrúdíráfà. Rọ́bà tí ojú ń rí inú rẹ̀ la lò fún àwọn nǹkan kéékèèké, a kò sì fi ọmọrí dé e. Ẹ̀yin náà ẹ wo ilé yín: gbogbo rọ́bà, agbọ̀n àti bàkẹ́ẹ̀tì tí a ń gbà ní òde ìnáwó, ṣé kò tó? Iṣẹ́ ti dé fún wọn.

*2. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo.* Bí aṣọ bá ní láti di kíká, kí a tó ṣí ilẹ̀kùn, kí a tó gbé òmíràn kúrò lórí ibi tó máa wọ̀, ìgbésẹ̀ mẹ́ta nìyẹn, ibi ìkejì ni ọkàn á ti fò lọ. Ìṣó tàbí ìkọ́ lára ògiri, ìgbésẹ̀ kan ni. Ìró àti bùbá tó ń wọ̀ lójoojúmọ́, orí ìkọ́ ni. Àwọ̀tẹ́lẹ̀, kí a jù ú sínú agbọ̀n, kò nílò kíká. Ta ló ń wò ó?

*3. Agbọ̀n aṣọ dídọ̀tí máa wà níbi tí ó ti ń bọ́ aṣọ.* Kì í ṣe níbi tó dára lójú àlejò. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ti ń bọ́ aṣọ, ibẹ̀ ni kí agbọ̀n wà. A tún kan ìṣó mẹ́ta mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn fún aṣọ tí a wọ̀ lẹ́ẹ̀kan tí kò tíì dọ̀tí. Irú aṣọ yìí gan-an ló ń di òkè lórí àga, nítorí pé kò ní ilé.

*4. Àwo kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn.* Kọ́kọ́rọ́, fóònù, ṣájà, owó ọkọ̀, orí àwo yìí nìkan ni wọ́n ń sùn. Káàdì àjẹsára, ìwé ilé ìwòsàn àti ìwé gbèsè wọ inú ọ̀rá tí ojú ń rí inú rẹ̀, a so ó kọ́ ìṣó ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

*5. Oògùn.* Kò gbọdọ̀ wà nínú báàgì, kò sì gbọdọ̀ wà níbi tí oòrùn ti ń pa á. A ra rọ́bà oògùn oníyàrá méje, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ojú lè rí bóyá a ti lo tòní. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, bí a ṣe ní kí ojú àgbà rí i, ọwọ́ ọmọdé kò gbọdọ̀ tó o. Àwọn baba wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Orí pẹpẹ gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíǹgí ni a gbé e sí, níbi tó ti ń fọ eyín láràárọ̀. Oògùn ẹ̀fọn àti oògùn eku kò gbọdọ̀ wọ yàrá rárá, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe bu wọ́n sínú ìgò omi.

*6. Dín ẹrù kù.* Mo mọ̀ pé ibí yìí lẹ ó ti bá mi jà. Aṣọ ẹbí ọdún mélòó ló wà nínú àpótí yín? Àtẹ tí ọjà pọ̀ jù lórí rẹ̀ kì í ṣe àtẹ mọ́, òkìtì ni. Èyí tí a kò wọ̀ láti ọdún tó kọjá, tí kì í ṣe aṣọ òkè ìyàwó tàbí ohun ìrántí, kó lọ bá ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Bí aṣọ ẹbí tuntun bá wọlé, kí ògbólógbòó kan jáde.

*7. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá.* Gbogbo Sátidé tó fi ń jà yẹn, a fagi lé e. Lálaalẹ́, ó ń yí aago fóònù rẹ̀ sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó dá gbogbo nǹkan padà sáyè rẹ̀, bí aago bá dún, ó parí nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ kan kún un nípa àpótí, nítorí ọmọ ọwọ́. Ẹrù tí a tì mọ́ inú àpótí fún ọdún púpọ̀ ni a ń da káńfọ̀ sí. Bí oyún bá wá dé, a kó aṣọ ọmọ jáde nínú rẹ̀, a wọ̀ ọ́ fún ọmọ tuntun. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní G6PD. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, pàápàá ọmọkùnrin, ni kò ní in tó. Òórùn káńfọ̀ olóyin funfun yẹn lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí ojú àti ara rẹ̀ pọ́n, ìyẹn ibà pọ́njú. Bó bá pọ̀ jù, ó lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ tàbí kí ó pa á. Àpótí tí ẹ kì í ṣí ló ń wá káńfọ̀. Aṣọ tó wà lójú, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kò nílò rẹ̀.

*Àwọn àgbà á ní, "Ṣé yàrá ọmọlúàbí nìyẹn?"*

Mo ti gbọ́ ọ. Ìyá ọkọ obìnrin náà sọ ọ́ sí mi lójú. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, aṣọ lára ògiri, agbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́dúróòbù tí kò nílẹ̀kùn. Bí àlejò bá dé ńkọ́?"

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, wọ́dúróòbù wo ló wà ní yàrá ìyá yín?" Màmá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní okùn ni wọ́n ta láti ògiri dé ògiri, orí rẹ̀ ni aṣọ ìlò ojoojúmọ́ ń wà, agbọ̀n sì so kọ́ àjà. Àpótí kan ṣoṣo ló wà, aṣọ ọdún ló wà nínú rẹ̀. Mo ní, "Màmá, yàrá ìyá yín la padà sí yìí."

N kò sọ pé kí obìnrin má ní ìtìjú àlejò. Bí àlejò bá máa wọ yàrá, kọ́tìnnì kan tó iwájú wọ́dúróòbù náà. Ọwọ́ kan là ń fi í fà á. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní láti yan ọ̀kan nínú yàrá tó dára lójú àlejò àti yàrá tí ìyá ọmọ ti ń rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ láràárọ̀, mo mọ èyí tí n ó yàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dúró de àlejò. Mo ti rí obìnrin tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rọ, tí oògùn rẹ̀ sì wà nínú ilé.

*Iṣẹ́ ẹgbẹ́ obìnrin*

Apá kejì òwe tí mo pa lẹ́ẹ̀kan ni pé ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kò sẹ́ni tó lè dá gbogbo nǹkan ṣe. Ẹni tó ní àìlèpọkànpọ̀, bí ó bá dá jókòó ti òkìtì aṣọ, kò ní mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá jókòó tì í, àní kí ẹni náà máa ṣa ẹ̀wà tirẹ̀ lọ, iṣẹ́ á máa lọ. Mo rí i lójú ara mi: wákàtí méjì péré la fi parí ohun tí ó ti ń bá jà fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo sì jókòó sí jù.

Àwa Yorùbá mọ ọ̀wẹ̀, a mọ àáró. A ti fi kọ́lé, a ti fi roko. Kí ló dé tí ẹgbẹ́ obìnrin kò lè fi to yàrá? Ẹ̀yin méjì tàbí mẹ́ta, ẹ lọ bá ọ̀rẹ́ yín nílé, lọ́jọ́ tó bá fẹ́. Àmọ́ òfin mẹ́ta wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹ má ṣe sọ ohun tí ẹ rí nínú yàrá náà níta. Ẹ má sì ṣe bá a tò ó bí ẹ ṣe ń to tiyín, ẹ máa bi í pé, "Níbo lojú rẹ á ti kọ́kọ́ wá èyí?" Ibi tó bá nawọ́ sí, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí, ìbáà jẹ́ ibi tó yà yín lẹ́nu.

*Ilé ìwòsàn ńkọ́?*

Títo yàrá kì í wo àìlèpọkànpọ̀ sàn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti ń ba iṣẹ́, ìgbéyàwó tàbí ìlera jẹ́, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó súnmọ́ yín. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Yaba láti ọdún 1907, wọ́n sì ní ẹ̀ka tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọdé ní Òṣòdì. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: "Yaba kẹ̀? Ṣé mo ya wèrè ni?" Rárá o. Ẹni tí kò rí oorun sùn ń lọ síbẹ̀, ọmọ tí kò lè kàwé ń lọ síbẹ̀. Òfin àtijọ́ tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀, tó ń pe aláìsàn ọpọlọ ní wèrè, ni òfin ìlera ọpọlọ tuntun ti rọ́pò láti oṣù kìíní ọdún 2023. Bí òfin bá lè yí ẹnu rẹ̀ padà, àwa náà lè yí tiwa padà. Oògùn wà fún un, ìmọ̀ràn náà wà, dókítà ló sì máa sọ èyí tó yẹ. Ẹ má ṣe ra oògùn rẹ̀ fúnra yín ní kẹ́míìsì, pàápàá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, nítorí àwọn kan nínú wọn lè mú ẹ̀jẹ̀ ru sí i.

Obìnrin tí mò ń wí lọ. Dókítà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àìlèpọkànpọ̀ ni. Yàrá rẹ̀ kò dà bí èyí tí a ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ kẹ́yìn, aṣọ méjì wà nílẹ̀, bàtà kan kò rí èkejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n rọ́bà oògùn wà lórí pẹpẹ, yàrá ọjọ́ Ajé àti ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti ṣófo, ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà sì la wà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀ sí 138 lórí 86.

Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, ó na ọwọ́ sí ọmọbìnrin rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ lórí ẹní. Ìwé ọmọ náà fọ́n káàkiri, pẹ́ńsù rẹ̀ ti sọnù lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀. Ó rọra sọ fún mi pé, "Nọ́ọ̀sì, bí mo ṣe rí nígbà tí mo wà ní kékeré gan-an nìyí." Kí n tó lè dáhùn, ìyá ọkọ rẹ̀, màmá kan náà yẹn, ti dìde lórí àga. Wọ́n kan ìṣó kékeré kan mọ́ ògiri níbi tí ọwọ́ ọmọ náà tó, wọ́n so pẹ́ńsù mọ́ okùn, wọ́n sì gbé e kọ́ ọ. Wọ́n ní, "Ibẹ̀ ni kí o ti máa wá a. Kò sẹ́ni tó máa pè ọ́ ní ọ̀bùn nílé yìí."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín, ẹ kà á sókè fún àwọn màmá tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, kí ẹ sì wo yàrá ẹni tí ẹ ti ń bú láti ọjọ́ yìí pẹ̀lú ojú mìíràn.

Èmi ni, nọ́ọ̀sì àdúgbò yín, Ìlúpéjú.